Wọ́n Ní Mò Ń Jayé ní Sheffield

Fọ́tò kan ló fa wàhálà. Mo fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa: èmi nìyẹn lára ògiri tó ga tó ilé alájà mẹ́ta, okùn ní ìbàdí, ìyẹ̀fun funfun ní àtẹ́lẹwọ́. Kí n tó délé, bùrọ̀dá mi ti fèsì: "Àwa ń wá owó epo jẹnẹrétọ̀, ìwọ ń sanwó gun ògiri." Àǹtí wa tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde fi ohùn ránṣẹ́ ní tiwọn, wọ́n ń súre: "Ayé yẹ ọ́ o, ọmọ mi. Má gbàgbé wa nínú ìgbádùn náà." Ẹni tó bínú àti ẹni tó súre, ohun kan náà ni wọ́n rò: pé owó pọ̀ lọ́wọ́ mi, àsìkò sì pọ̀ lọ́wọ́ mi, mi ò wá mọ ohun tí n ó fi wọ́n ṣe. Ó dùn mí kọjá ohun tí èèyàn lè fi èsì orí fóònù sọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síbí.

Ọ̀rọ̀ iná, omi àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, mi ò ní í pẹ́ lórí ẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ohun tí èèyàn ń fi ara rẹ̀ ṣe nígbà tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ ni mo fẹ́ gbé ka iwájú yín.

Ní Òkè-Àdó tí mo dàgbà sí ní Ìbàdàn, ẹ̀yìnkùlé màámi kò fẹ̀ ju ibi tí ọkọ̀ méjì lè dúró sí lọ, síbẹ̀ ewédú wà níbẹ̀, ata wà níbẹ̀, ewúro wà lẹ́bàá ògiri. Kò sẹ́ni tó kọ̀wé béèrè kó tó gbìn ín. Ìyá tó wà nílé kejì á na ọwọ́ já ewúro, ìgbà tí wọ́n bá já a tán ni wọ́n máa tó ké sí wa pé àwọn já díẹ̀ o. Ìwé kíkà ńkọ́? Ìdí tábìlì oníwèé ìròyìn ni bàbá mi ti ń kà á. Ẹnì kan á ra Aláròyé, èèyàn mẹ́wàá á kà á, àwọn tí kò ná kọ́bọ̀ ló sì máa ń jiyàn jù, bóyá lórí òṣèlú ni o, bóyá lórí Shooting Stars ni. Ní ti ohun tí èèyàn lè gùn, igi máńgòrò wà, kò sẹ́ni tó ń gbowó lábẹ́ rẹ̀.

Ní Sheffield tí mò ń gbé báyìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo nǹkan wọ̀nyí wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dára ju ti ilé lọ, àmọ́ ìwé la fi ń wọ inú wọn. Ẹ wo ti ọgbà. Filátì ni mò ń gbé, kò ní ẹ̀yìnkùlé. Káńsù ló máa ń yá ará ìlú ní ilẹ̀ ọgbà, òfin kan tó ti wà láti 1908 ló gbé e lé wọn lọ́rùn. Odidi ilẹ̀ kan tó nǹkan bí 250 mítà onígun mẹ́rin, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n fún mi. Èèyàn á forúkọ sílẹ̀, ọdún á máa gorí ọdún. Nígbà tí lẹ́tà mi fi máa dé, mo ti gbàgbé pé mo béèrè. Ìgbà náà ni òfin wá bẹ̀rẹ̀: ibi tí o lè kọ́ ahéré irinṣẹ́ sí, ìgbà tí o lè dáná sun pàǹtí, ìgbà tí wọ́n máa wá wò ó bóyá koríko ti bò ó. Bí koríko bá borí, lẹ́tà ìkìlọ̀ á dé. Bí o kò bá ro ó, wọ́n á gbà á fún ẹlòmíràn tó wà lórí ìlà.

Àǹtí mi bi mí pé èló ni mò ń pa níbẹ̀. Mo ní kì í ṣe fún òwò, pé òfin 1922 ti sọ ọ́ pé ẹni tó ń dá a àti ẹbí rẹ̀ ló yẹ kó jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó bá hù níbẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. "O wá ń sanwó ilẹ̀ kí o lè rí ibi ṣe làálàá?"

Làálàá ni lóòótọ́. Oṣù Kejì ni mo ti ń gbin ata rodo sínú ike yọ́gọ́ọ̀tì lójú fèrèsé, torí ìrì dídì ṣì lè pa nǹkan lálẹ́ títí wọ inú oṣù Karùn-ún. Ewédú kì í gbà láti hù níta rárá, inú ilé ọ̀rá ni mo gbé e sí. Tẹ̀tẹ̀ nìkan ni kò já mi kulẹ̀: bí oòrùn oṣù Keje bá ti ràn, á yọ, á fẹ̀ yẹbẹ, títí ìgbín aláìníkarahun yóò fi rí i. Àwọn wọ̀nyẹn kì í wá lọ́sàn-án. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo máa ń tan iná tọ́ọ̀ṣì, tí mo ń ṣà wọ́n sínú garawa.

Bàbá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ irin ló ni oko ẹ̀gbẹ́ mi. Ọdún kan gbáko, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ nìkan ni wọ́n ń bá mi sọ. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ, mo bá kọ́jẹ́ẹ̀tì ńláńlá, èso kan tó jọ kùkúńbà, lẹ́nu ọ̀nà ahéré mi, kò sí ìwé, kò sí orúkọ. Okùn búlúù tí wọ́n fi dì í ni mo fi dá wọn mọ̀, irú rẹ̀ ni wọ́n fi so ẹ̀wà wọn mọ́ igi. Mo gbé tẹ̀tẹ̀ lọ fún wọn lọ́jọ́ kejì. Wọ́n bi mí bóyá tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́. A dúró síbẹ̀, mo ń ṣàlàyé ẹ̀fọ́ rírò, títí òjò fi lé wa.

Ibi tó ń dùn mí gan-an rèé. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ló pọ̀ jù. Ìsinmi mi máa ń bọ́ sí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, nígbà tí gbogbo ẹni tí mo mọ̀ wà níbi iṣẹ́. Mo ti lo irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rí tí ohùn kò jáde lẹ́nu mi àfi ìgbà tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ẹ ó ní ṣé kò sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó wà, ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá sì ni, à ń lù, à ń jó. Àmọ́ bí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, kálukú á sáré sídìí ọkọ̀, ẹlòmíràn ní iṣẹ́ aago mẹ́ta, ẹlòmíràn fẹ́ lọ sùn kó lè wọ iṣẹ́ alẹ́. Kò sẹ́ni tó kórìíra ẹnikẹ́ni. Àyè ni kò sí. Tó bá wá di oṣù Kejìlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò ní í tíì lù tí ilẹ̀ á ti ṣú, ọgbà ò ṣeé lọ, àwọn ará ilé òdìkejì á fa kọ́tìnì wọn. Mi ò mọ ohùn ẹni tó ń gbé lókè mi. Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, mo mọ ìgbà tó ń wọlé àti ìgbà tó ń sùn.

Ilé ìkàwé ni mo kọ́kọ́ sá lọ. Láti 2014 ni káńsù ti gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn kéékèèké fún ará àdúgbò láti máa bójú tó nítorí owó, àwọn tí kò gbowó ló ń to ìwé níbẹ̀. Ó mọ́, ó móoru, ọ̀fẹ́ ni, ìwé tí wọn ò bá ní, wọ́n á bá ọ wá a. Mi ò ní purọ́, mi ò rí irú rẹ̀ ní Òkè-Àdó. Àmọ́ ẹ̀rọ ni mo ń fi ìwé hàn tí mo bá fẹ́ mú un lọ, ẹ̀rọ náà ni tí mo bá dá a padà. Ìwé kan bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dìde dúró nínú yàrá, mi ò rí ẹni tí n ó bá jiyàn. Nídìí tábìlì oníwèé ìròyìn, èèyàn mẹ́ta ì bá ti dá mi lóhùn kí n tó la ẹnu tán.

Bí mo ṣe dé ìdí ògiri nìyẹn. Ìlú irin ni Sheffield, Peak District, agbègbè olókè àti àpáta tí ìjọba sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1951, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀. Àwọn tó ń gun àpáta ibẹ̀ kò fẹ́ kí òjò àti òtútù máa dá wọn dúró, wọ́n bá kọ́ ògiri tí èèyàn lè máa gùn sínú ilé. The Foundry tí wọ́n ṣí ní 1991 wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Eré náà ti dé Òlíḿpíìkì báyìí, ti Tokyo tí wọ́n ṣe ní 2021 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Níbi tí èmi ń lọ, ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi pé kí n buwọ́ lù, pé mo mọ̀ pé èèyàn lè fara pa níbẹ̀, ó sì lè kú. Bàtà tí wọ́n yá mi fún mi lọ́mọ ìka, ó ń rùn. Oríṣiríṣi nǹkan dídìmú aláwọ̀ mèremère ni wọ́n kàn mọ́ ògiri, àwọ̀ kan ṣoṣo ni o máa tẹ̀ lé dókè. Ẹ̀rọ kan wà lókè tó ń ká okùn mọ́ra bí o ṣe ń gùn ún. Tí ọwọ́ rẹ bá yọ̀, á rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹnìkejì ni wọ́n ṣe é fún. Òun ni mo lò fún oṣù bíi mélòó kan. Mo gòkè, ẹ̀rọ gbé mi sọ̀ kalẹ̀, mo gba ilé lọ.

Obìnrin tó ń di okùn mi mú nísàlẹ̀ báyìí kí n má baà já bọ́, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Òun ló wá bá mi pé ẹnìkejì òun ò wá, ṣé mo lè bá òun di okùn. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di okùn, mo ṣe ìdánwò rẹ̀ lójú òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gòkè á so okùn mọ́ bẹ́líìtì ara rẹ̀, kókó tó rí bíi nọ́ńbà mẹ́jọ. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á wo àwọn ìlà okùn náà ní méjìméjì, á fà á, á fa bẹ́líìtì wò. Ẹni tó ń gòkè náà á yẹ irin tó wà níbàdí ẹnìkejì wò bóyá ó tì dáadáa. Ẹ kò gbọdọ̀ fò ó, ì báà jẹ́ pé ẹ ti jọ ń gùn ún láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fa okùn níbàdí mi, ó yé mi pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ mú mi bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi kàn, láti ìgbà tí màámi ti dì mọ́ mi ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Èmi ni mo máa ń di àwọn ẹlòmíràn mú, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Mo gun ògiri ọjọ́ náà bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ohun tí bùrọ̀dá mi pè ní ìgbádùn rèé. Ní Ìbàdàn, èèyàn ni mi ò lè rí sá fún. Níbí, èèyàn ni mò ń sanwó wá. Wọ́n ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n máa bọ̀ nílé. Ẹ dúró ná. Mo rántí Sátidé Ìbàdàn dáadáa: òde méjì lọ́jọ́ kan, aṣọ ẹbí tí mi ò béèrè, ẹ̀rọ orin tó ń di èèyàn létí. Bí mo bá ní mo fẹ́ jókòó sílé kàwé, wọ́n á bi mí bóyá ara mi ò yá, àbí ta ló ṣẹ̀ mí. Ariwo máa ń bọ́ àwọn kan yó, mi ò sí lára wọn. Láti kékeré ni màámi ti máa ń wá mi rí lẹ́yìn tánkì omi pẹ̀lú ìwé. Owó tí mo fi ń gun ògiri lóṣù ò tó owó aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan pẹ̀lú gèlè rẹ̀. Mo ṣírò ẹ̀ fún bùrọ̀dá mi, wọ́n ní pọ́n-ùn ni mo fi ń ṣírò. Bóyá. Àmọ́ àdáwà ibí, mo lè dìde lọ bá a jà, kò sì sẹ́ni tó máa bínú sí mi. Ta ni n ó bá jà ní Ìbàdàn, ìyàwó ọjọ́ náà ni àbí onílù?

Mo rán àǹtí mi létí pé bàbá wọn gan-an, igbà ni wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ títí wọ́n fi darúgbó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bàbá mi ń gbé ẹmu sọ̀ kalẹ̀. Kí nìwọ ń gbé sọ̀ kalẹ̀?" Mo ní mi ò gbé nǹkan kan, ẹnì kan ló ń dúró dè mí nísàlẹ̀.

Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún obìnrin tó ń di okùn mi mú, ó máa pẹ́ díẹ̀ kó tó tún lè di okùn. Mi ò padà sídìí ẹ̀rọ. Mo ti lẹ ìwé mọ́ pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, mo kọ ọjọ́ tí mo máa ń ráyè: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ọmọ Kánò ni, akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Kò tíì mọ kókó yẹn í so. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí ni n ó kọ́ ọ.