Q láìsí U

Iná lọ ní Kubwa lálẹ́ Sátidé, a tan làńtánì, a gbé Scrabble kalẹ̀, eré tí a fi ń to lẹ́tà di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Q bọ́ sí mi lọ́wọ́, kò sí U tó sábà máa ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń rẹ́rìn-ín. Mo to "qi" sílẹ̀: agbára ìyè lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà.

"Irọ́ lò ń pa!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè wò."

Ó wà níbẹ̀. Q nìkan, máàkì 10!

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí Q kò ti nílò U. "Qat", ewé tí wọ́n ń rún lẹ́nu ní Yemen. Ṣùgbọ́n "qadi" ni ààyò mi, adájọ́ Mùsùlùmí. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá yìí kan náà ló di "alkali" lẹ́nu Hausa. Ìyá tó ń ta fùrá níwájú ilé wa kò mọ Scrabble rárá, àmọ́ ó mọ alkali dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bínú.