Ọwọ́ Mi Kò Bá Kókó Kankan

Ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ ya fọ́tò ọyàn, ìyẹn àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà nínú ọyàn láti wá jẹjẹrẹ, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ta ẹja lọ́jà Sábó, ní Ìkòròdú níbí, bi mí pé, "Ìyá Ṣọlá, kí ló ń dùn ọ́?" Mo ní kò sí. Ó ní, "Àìsàn lo wá ń wá kiri nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni jẹjẹrẹ ọyàn pa. Ìgbà tí ọwọ́ òun fi ba kókó tirẹ̀, ó ti tó kóró àgbálùmọ̀. Ohun tó lé mi lọ nìyẹn, lẹ́ni ọdún 51.

Wọ́n fi pátákó méjì tẹ ọyàn mi pẹlẹbẹ. Ó dùn mí, n kò ní purọ́, àmọ́ kíá ló tán. Ẹ má para, ẹ má fi páúdà sí abíyá lọ o: ó lè hàn nínú àwòrán bí ohun tí wọ́n ń wá gan-an. Èmi fi lọ, nọ́ọ̀sì sì lé mi lọ fọ ọ́ kúrò.

Nǹkan funfun wínníwínní ni wọ́n rí, bí iyọ̀ tó dà sórí aṣọ dúdú. Dókítà ní kálísíọ́mù ni, pé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n bí tèmi ṣe ṣùjọ kò tẹ́ òun lọ́rùn. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ ni, àmọ́ inú ọ̀nà omi ọyàn ló ṣì wà, kò tíì ya jáde.

Báwo ni oníṣẹ́ abẹ ṣe máa gé ohun tí ọwọ́ kò bá? Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ kí ojú ibẹ̀ kú, wọ́n ń wo àwòrán, wọ́n sì ti wáyà tín-ín-rín kan wọlé débẹ̀. Orí rẹ̀ ní ìkọ́, bí ìwọ̀ tí àwọn apẹja wa ń lò, kó má baà yọ. Wáyà yẹn ni oníṣẹ́ abẹ máa tọ̀ lọ.

Ibi tí inú ti bí mi rèé: ibi tí wọ́n ti fi wáyà sí i yàtọ̀ sí ibi tí tíátà iṣẹ́ abẹ wà, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ọ́ ṣáájú. Ni mo bá jókòó nínú ọkọ̀ ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojóta, kọ́ọ̀bù oníke lórí wáyà, pílásítà yí i ká, ebi ń pa mí, tí mo ń fi ọwọ́ ti bẹ́líìtì ọkọ̀ kúrò láyà ní gbogbo kòtò. Ẹ tètè bèèrè bóyá ojú kan náà ni méjèèjì.

Ẹ tún bèèrè bóyá wọ́n máa ya fọ́tò ẹran tí wọ́n bá gé. Tèmi, orí tábìlì ni mo ṣì wà tí wọ́n ti yà á, láti rí i pé àwọn nǹkan funfun yẹn wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó rán ojú ọgbẹ́. Wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tó jiná.

Ní báyìí, ọdọọdún ni mò ń ya fọ́tò. Àwọn ti àtijọ́ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo sì máa ń kó wọn dání lọ, nítorí wọ́n á gbé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àná kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.