Fìlà 58

Ẹni tó bá tún pè mí ní "Tíṣà Onífìlà" lọ́sẹ̀ yìí, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa wọ̀yá ìjà. Ọ̀rọ̀ fìlà tí mo ní kí wọ́n rán fún mi fún Ojúde Ọba ọdún yìí ṣì ń ta mí lára. Tọdún yìí nìkan ti tó mi í gbé.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá, mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 ní físíìsì ní lẹ́sìnnì wa ní Ṣàgámù. Yíyí òṣùwọ̀n kan sí òmíràn la wà lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin kan dìde lọ sí ojú pátákó, ó yí kìlómítà 72 ní wákàtí kan sí mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó kọ 20, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo ní, "20 kí ni?"

Kò fèsì.

"Ewúrẹ́ 20 ni àbí kóńgò gaàrí 20?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo yọ máàkì méjì. Mo wá fẹ̀yìn ti pátákó bí olóyè, mo ní nọ́ńbà tí kò bá ní òṣùwọ̀n lẹ́yìn, bí ọmọ tó sọnù sọ́jà ni, kò sẹ́ni tó mọ ilé tí wọ́n máa mú un lọ. Ẹnu èmi yìí ni mo fi sọ ọ́ o.

Mo tún fi ìdá hàn wọ́n. Mo ní tí wọ́n bá fẹ́ yí òṣùwọ̀n, kí wọ́n kọ ọ́ bí ìdá, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ lé lọ, ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n gbé e sí, kó lè pa ẹnìkejì rẹ̀ tó wà lókè rẹ́. Ká fi 1,000 sọ 72 di púpọ̀, ká fi 3,600 pín in, 20 la máa rí. Bí èèyàn bá dorí ìdá yẹn kodò, 259 ló máa rí. Dánfó tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde á wá máa sáré bíi bàálù. Mo ní ọ̀dẹ̀ nìkan ló ń dorí ìdá kodò. Ẹ rántí ìyẹn náà.

Bàbá tó bí ìyá ọmọbìnrin yẹn ló ń rán fìlà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ náà ló júwe rẹ̀ fún mi nígbà tí mò ń wá ẹni tó máa rán fìlà Ojúde Ọba. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá ní kí n wọn orí mi ránṣẹ́. Téèpù tó wà lọ́wọ́ mi, íǹṣì wà ní ojú kan, sẹ̀ǹtímítà wà ní ojú kejì. Físíìsì ṣì ń gùn mí, sẹ̀ǹtímítà ni mo lò. Mo lọ́ ọ mọ́ orí, 58 ló jẹ́. Mo tẹ "58" sórí WhatsApp, mo fi ránṣẹ́, mo lọ jẹ ẹ̀bà.

Bàbá fi ohùn ránṣẹ́: "Tíṣà, ṣé 58 lo wí?"

Ṣé ẹ rí i pé Ọlọ́run fún mi láǹfààní? Èmi ni mo fèsì pé: "Bàbá, mo mọ ohun tí mo wọ̀n, iṣẹ́ mi ni. Ẹ má fi kún un, ẹ má sì yọ níbẹ̀."

Bàbá ní, "Ó dáa."

Ó ku ọ̀la Ojúde Ọba ni mo lọ gbà á. Ọmọọ̀ṣẹ́ kan fi ọwọ́ méjèèjì gbé nǹkan jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù, bí ẹni gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná. Mo kọ́kọ́ rò pé tìmùtìmù ni. Mo tiẹ̀ ti ń wá ibi tí mo máa jókòó sí. Fìlà ni! Aṣọ òkè ni, wọ́n rán an, ó jọjú, etí rẹ̀ gún régé. Íǹṣì 58 géérégé. Ìbàdí mi jẹ́ íǹṣì 36. Bí ẹ bá lọ́ ẹnu fìlà yẹn mọ́ mi níbàdí, èyí tó bá ṣẹ́ kù á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lọ́ mọ́ orí mi. Nígbà tí mo dé e, ó bọ́ sí èjìká. Òkùnkùn ni mo wà tí mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọọ̀ṣẹ́.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní, "Mo rò pé orí ọkọ̀ lẹ fẹ́ gbé e lé, kí ẹ fi kọjá níwájú ọba. Ọdún wo ni ẹ̀yin ọmọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kì í ṣe àrà?"

Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, kí wọ́n jẹ́ kí n yí i sí íǹṣì fún wọn lójú ẹsẹ̀. Òógùn ti bò mí. Mo yọ fóònù, mo gbé 2.54, iye sẹ̀ǹtímítà tó wà nínú íǹṣì kan, síbi tó wù mí, mo tẹ̀ ẹ́. "Bàbá, íǹṣì 147 ni."

Bàbá wo fìlà. Ó wo orí mi. Ó ní, "Èyí tí mo rán wá kéré nìyẹn?"

Èmi tí mo ní ọ̀dẹ̀ ló ń dorí ìdá kodò! Sẹ̀ǹtímítà 147 ni ẹnu fìlà ńlá yẹn. Orí tèmi, íǹṣì 22.83. Bàbá ò dúró de ìyẹn. Ó yọ téèpù tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó lọ́ ọ mọ́ mi lórí, ó ní, "Mẹ́tàlélógún, ó ku fín-ín." Kò tẹ nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin máàkì méjì yẹn ti yọ jáde láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ lẹ́sìnnì yẹn ló ti wá ṣọdún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó wá ní: "Sà, 58 kí ni?"

Ìgbà yẹn ló tó sọ sí mi lọ́kàn pé Bàbá kì í ka WhatsApp fúnra rẹ̀. Òun ló ń kà á fún un! Ọmọ yìí ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Bí mo ṣe ń gbọ́ "Ó dáa" yẹn, ó ṣeé ṣe kó ti ki ọwọ́ bọ ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bínú, àmọ́ ojú kò jẹ́.

Bàbá fi ìyókù aṣọ ẹlòmíràn rán òmíràn fún mi di òru. Ó gba owó fìlà ńlá, ó gba owó fìlà kékeré, ó tún gba owó àìsùn. Àwọn ẹgbẹ́ mi wọ aláwọ̀ ewé lọ́jọ́ kejì. Tèmi jọ ẹ̀fọ́ tí wọ́n sè lánàá.

Mo gbé fìlà ńlá lọ sílé Màámi. Mo ṣàlàyé pé kì í ṣe èmi nìkan, pé lọ́dún 1999, NASA ti Amẹ́ríkà pàdánù ẹ̀rọ tí wọ́n rán lọ sí Mars, torí pé àwọn kan fi pọ́n-ùn ṣírò agbára ẹ̀rọ náà, àwọn kejì sì rò pé newton, òṣùwọ̀n agbára mìíràn, ni.

Màámi ní, "Ṣé tiwọn padà wálé?"

Mo ní rárá.

"Tìẹ nìyẹn lórí àga mi. Gbé e kúrò, mo fẹ́ jókòó."

Nígbà tí a padà sí lẹ́sìnnì, mo bá àwòrán kan lójú pátákó: fìlà gàgàrà, ẹsẹ̀ tín-ín-rín méjì lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ 58 sí i lára. Ẹnikẹ́ni ò mí. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ "íǹṣì" sí iwájú rẹ̀, mo ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn.