Bí Mo Ṣe Di Ẹni Tó Ń Ta Ọkọ ní Gwagwalada

Ọkọ́, àdá, àáké àti ṣọ́bìrì ni mo ń tà ní Gwagwalada. Ọdún kẹtàlá mi rèé nídìí ẹ̀. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ ni mo ti máa ń kó ọjà kún ṣọ́ọ̀bù, torí bí ilẹ̀ bá ti tutù báyìí, àgbẹ̀ Kwali, àgbẹ̀ Kuje, Gwárí, Haúsá, Yorùbá, gbogbo wọn ló ń wá irin. Lọ́dún tó kọjá, òjò dé, àgbẹ̀ ò dé. Ọmọdékùnrin kan ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ọ̀kánkán mi, orí Facebook ló sì ti ń pe àwọn oníbàárà.

Àbíkẹ́yìn mi, tó wà ní yunifásítì, ní kí n má ṣèyọnu, ó bá mi ṣí ojú ewé temi náà. Lẹ́yìn oṣù kan, èèyàn 43 ló ń tẹ̀lé wa. Bí ilàjì wọn jẹ́ mọ̀lẹ́bí wa ní Ọ̀fà, tí kò sí ẹni tó lóko nínú wọn. Ọmọ yìí ní àfi ká sanwó fún Facebook kí wọ́n bá wa gbé ìpolówó kiri. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, ọjọ́ márùn-ún. Ó tún ní àwọn oníbàárà ayé ìsinsìnyí ò fẹ́ẹ́ wo irin, ojú ẹni tó ni òwò ni wọ́n fẹ́ẹ́ rí. Ó bá lọ yọ fọ́tò tí mo yà níbi ìyàwó ọmọ àbúrò mi: agbádá funfun, fìlà mi gẹ̀ sápá kan, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó.

Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tó wà lókè fọ́tò náà. Ìka kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Tí mo bá tẹ "o" mọ́lẹ̀ lórí fóònù mi, àmì orí máa ń yọ, ṣùgbọ́n èyí tó ń gbé ìsàlẹ̀ ò sí níbẹ̀. Mo ní kí ni mo fẹ́ẹ́ fi ṣe ná? Ṣebí Yorùbá ni gbogbo wa, ó máa yé wọn. Ohun tí mo kọ rèé, bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́:

"OKO TUNTUN TI DE O! Oko to le, ti ki i te. Oko kekere wa, oko nla wa. Eyi to nigi n be, eyi ti ko nigi n be. E wa yan eyi to ba yin lara mu. Ti oko yin ba ti gbo, e mu un wa, a o ba yin paaro re, e o kan fi owo die le e. 4,000 naira pere."

Irin tó bá ti jẹ, alágbẹ̀dẹ máa ń tún un rọ ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gba ògbólógbòó. Ọkàn mi mọ́.

Nígbà tí mo máa fi jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù ti fẹ́ẹ̀ bú gbàmù. Inú mi dùn débi pé mi ò ka nǹkan kan. Obìnrin kan pè, ohùn rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Nítorí ohun tí ẹ gbé sórí Facebook ni. Ṣé ó ṣì kù?"

"Ó kù rẹpẹtẹ, mà. Mélòó lẹ fẹ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mélòó kẹ̀? Ẹyọ kan ni."

"Ẹ mú méjì, mà. Bí ọ̀kan bá dákú sí yín lọ́wọ́, ẹ ó rí èkejì lò."

"Háà, bàbá yìí! Ibo lẹ tiẹ̀ ti ń kó wọn wá?"

"Bida ni, mà. Alágbẹ̀dẹ kan ló ń rọ wọ́n fún mi níbẹ̀."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Alágbẹ̀dẹ? Kí ni alágbẹ̀dẹ ń fi ọkọ ṣe?"

Ohùn tó fi pe ọ̀rọ̀ yẹn ló jí mi lójú oorun. Re-re ló pè é, kì í ṣe re-mi. Mo pa fóònù, mo ṣí Facebook, mo jókòó sórí àpò ìṣó.

Èsì 312. Ẹnì kan ní ọkọ òun gbó lóòótọ́, àmọ́ kò lè rìn dé Gwagwalada, ṣé a lè wá gbé e? Òmíràn ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ti pọ̀ jù, pé ẹ̀bùn ni wọ́n fi tòun fún òun. Ẹnì kan láti Lokoja kọ ọ́ pé: "Eléyìí inú fọ́tò yìí ni mo fẹ́." Ọmọ mi, tí ọ̀rọ̀ kan náà ló ń lẹ̀ sábẹ́ gbogbo ìbéèrè láìkà á, ti dá a lóhùn: "E seun ma. A o gbe e wa ba yin nile. Eyin le o san owo moto."

Kìlómítà 40 sí Gwagwalada ló yẹ kí ìpolówó náà mọ. Nàìjíríà látòkè délẹ̀ lọmọ yìí yàn.

Màláàmù tó ń ta àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti rẹ́ni túmọ̀ ẹ̀ fún un. "Alhaji, miji kake sayarwa?" Ṣé ọkọ lò ń tà ni? Àwọn Haúsá ò tiẹ̀ sí nínú wàhálà yìí lédè tiwọn: fartanya ni ọkọ́, miji ni ọkọ, kò sí bí àṣìkọ ṣe lè so wọ́n pọ̀.

Ìyá Ìbejì ni mo ń bẹ̀rù. Àwọn ìyá àsàlátù ló fi hàn án. Ó wọlé, kò pariwo, ó gbé fóònù síwájú mi, ó wo fọ́tò, ó wò mí, ó tún wo fọ́tò.

"Bàbá Ìbejì, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ta ló sọ fún yín pé ẹ tó bẹ́ẹ̀?"

Mo fẹ́ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ọmọ mi fò dìde. "Dádì, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Èsì tí wọ́n ń kọ yẹn ni Facebook ń rí tó fi ń gbé e síwájú àwọn ẹlòmíì." Nígbà tí ọjọ́ márùn-ún máa fi pé, àwọn 43 ti di 2,600. Ọkọ́ tí mo tà láàárín ọjọ́ náà, ẹyọ mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa. Ó fi bọ́tìnnì Yorùbá sórí fóònù, ó ya fọ́tò ọkọ́ lásán, ó kọ "ỌKỌ́ OKO" gàgàrà, ó fàmì sí gbogbo ẹ̀. Èèyàn méje ló tẹ àtàǹpàkò sí i, òun náà wà nínú wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé, tọkọtaya kan láti Zuba yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó ló ṣíwájú, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin lẹ ń gba èyí tó ti gbó?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, èwo ni?

Ó fi ẹnu júwe ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìyàwó kọjá, ó mú ọkọ́ méjì, ó kó ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lé mi lọ́wọ́. Kò tiẹ̀ ná an.