Òdo Tí YAML Gbé Mì

Oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni ẹ̀dà 3.10 ti Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, jáde. Alábòójútó library kan (àkójọ kóòdù tí àwọn ẹlòmíì ń yá lò) fẹ́ rí i dájú pé kóòdù òun á ṣiṣẹ́ lórí Python àgbà àti ọmọdé, ló bá ṣí fáìlì tí GitHub Actions fi ń dán kóòdù wò, ó so 3.10 mọ́ ìdí àwọn tó ti wà ńbẹ̀:

python-version: [3.8, 3.9, 3.10]

Ó fi ránṣẹ́, ó lọ rẹ gààrí. Kó tó bu ṣíbí kejì, àmì pupa ti yọ: ẹ̀rọ ní òun wá Python 3.1 títí, òun ò rí i. Ta ló rán an ní 3.1? Èyí tó ti jáde láti ọdún 2009!

YAML, èdè tí wọ́n fi kọ fáìlì yẹn, ò ya wèrè o. Ojú owó ló fi wo nọ́ńbà yẹn. Náírà mẹ́ta àti kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni 3.10 lójú tiẹ̀, 3.1 náà sì nìyẹn. Òdo ìdí rẹ̀ ò wúlò, ó gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ orí àti ẹsẹ ni nọ́ńbà ẹ̀dà. Bí pásítọ̀ bá ní ká ṣí Jòhánù 3:10, ta ló máa ka 3:1? Àmì àyọlò ni kí ẹ fi ti òdo náà mọ́lé: ["3.8", "3.9", "3.10"].

Ẹ má tíì padà sídìí gààrí. Ó kù nínú kóòdù fúnra rẹ̀. Ẹni tó kọ sys.version[:3] ní kí Python mú lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ wá: "3.9" dé pé, àmọ́ "3.10" di "3.1". Ẹlòmíì fi "3.10" wé "3.9" bí ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀, 1 ṣáájú 9, ẹjọ́ ti parí. Library á wá kọjú sí Python tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lánàá, á ní, "Ẹ ti gbó jù, ẹ lọ gba tuntun wá." Ohun tó yẹ ni sys.version_info >= (3, 9), torí iye ni ó fi ń wé iye níbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọdún yẹn kan náà ni collections.Mapping, irinṣẹ́ kan nínú Python, pòórá níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Láti 3.3 ló ti kó lọ sí collections.abc, ìkìlọ̀ sì ń jáde láti 3.7, ṣùgbọ́n Python kì í sábà fi DeprecationWarning (irú ìkìlọ̀ yẹn) han ẹni tí kò béèrè. Bí onílé tó ń ki nóòtísì bọ abẹ́ ẹní ni. Bí ẹ bá ń fi pytest dán kóòdù wò, àṣẹ pytest -W error ló máa ń sọ ìkìlọ̀ di àṣìṣe gidi, kẹ́ ẹ tó bá àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Láti 3.11 títí dé 3.19, kò sí òdo tí YAML lè gbé mì. Ẹni tí kò bá tíì fi àmì àyọlò sí fáìlì rẹ̀, 3.20 ń bọ̀.