Àpáta tó dí ọ̀nà òkè

Táwọn èèyàn bá gbọ́ pé mo wà lára àwọn tó ń fi dáínámáìtì la ọ̀nà orí òkè, ìbúgbàù nìkan ni wọ́n máa ń bi mí. Èmi kì í tiẹ̀ fọwọ́ kan nǹkan ọ̀hún. Ẹni tó níwèé àṣẹ nìkan ló ń ṣe ìyẹn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n dènà, kí ẹnikẹ́ni má bàa kọjá.

Àpáta tó já lulẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí ga jù mí lọ. Ká ní a tì í, ọ̀nà yìí kan náà ló máa bọ́ sí, nítorí pé ó tún yí gba ìsàlẹ̀ kọjá. Àfi ká fọ́ ọ sójú ibi tó wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1964 tó ń dáàbò bo àwọn aginjù kì í sábà gba ayùn ẹlẹ́ńjìnnì láyè níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n lè fọwọ́ sí dáínámáìtì! Ó sì nídìí. Bí ìjì bá wó igi léra wọn lórí, àwọn kan á tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun tí wọ́n fà. Bí ayùn bá kàn wọ́n, wọ́n lè ta padà pa ẹni tó ń rẹ́ wọn. Ohun abúgbàù ò nílò kẹ́nì kankan dúró tì í. Ojú ibi tó ti já á sì rí ṣákaṣàka, bíi pé atẹ́gùn ló ṣẹ́ ẹ.

Ìbaaka ló ń bá wa gbẹ́rù gòkè. Èyí tó ru ohun abúgbàù kò gbọ́dọ̀ ru ohun tó ń mú un bú. Bí dáínámáìtì bá jẹ́ irú tí Alfred Nobel gbàwé àṣẹ fún lọ́dún 1867, ọwọ́ lásán tó bá kàn án lè fa ẹ̀fọ́rí burúkú.

Bàbá kan bá mi níbi tí mo dúró sí, ó ní kíá lòun máa kọjá. Mo ní, “Ẹ má bínú, sà, ẹ jókòó.” Ó ń kùn ṣáá. Nígbà tó yá, a gbọ́ igbe lẹ́ẹ̀mẹta látòkè. Ilẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa kí ariwo tó dé, òkúta wẹ́wẹ́ wá ń já gba àárín ewé. Bàbá ò kùn mọ́.

Síbẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó lè lọ. Olórí wa gbọ́dọ̀ yẹ ibẹ̀ wò fínnífínní, bóyá èyí tí kò bú ṣì wà. Lẹ́yìn náà ni ṣọ́bìrì kàn. A fi àwọn òkúta ńlá mọ ògiri sétí ọ̀nà tí omi ti jẹ, a da ìyókù sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìyẹn ló gba gbogbo ọ̀sán wa.