Ariwo gáréèjì wa, ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ni

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn sípíkà tó ń pariwo ní gáréèjì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi níbí ní Iléṣà, ọwọ́ mi ni wọ́n ti ń gba àtúnṣe. Iṣẹ́ rédíò ni mo kọ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìsọ̀kùn, nígbà tí rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ṣì lójú. Àwọn tó ń gbé rédíò wá bá mi lónìí kò tó nǹkan mọ́. Sípíkà ẹlẹ́nu gbàǹgbà ni wọ́n ń gbé wá, irú èyí tí àwọn alágbo, àwọn tó ń ta oògùn eku, àwọn oníwàásù àti àwọn tó ń pe èrò ń lò. Wọ́n á ki mẹ́mórì káàdì bọ̀ ọ́, ohùn kan náà á sì máa yí láti ìdájí títí di alẹ́: "Jẹ̀díjẹ̀dí, ìbà, ẹ̀yìn ríro! Jẹ̀díjẹ̀dí, ìbà, ẹ̀yìn ríro!" Ẹni tó gba ohùn yẹn sílẹ̀ lè ti gbàgbé pé òun ṣe é rí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa ń múra láti kọ̀wé sí kánsù, kí wọ́n wá kó gbogbo sípíkà gáréèjì. Mo wà níbi ìpàdé náà. Bàbá kan ní kí wọ́n kó wọn, kí wọ́n sì fọ́ wọn lójú gbogbo ayé. Ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó kángun sí gáréèjì dìde, ó ní àwọn ọmọ kíláàsì òun mọ ọ̀rọ̀ alágbo lórí ju ìsọdipúpọ̀ tí òun ń kọ́ wọn lọ. Ohùn tí ó fi ń bá wa sọ̀rọ̀ gan-an ti há. Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn wọ̀ mí lára. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa ariwo náà, òótọ́ ni. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí kánsù ṣe sí i nìkan ni n kò fara mọ́, àfi bí a bá fi nǹkan mìíràn kún un.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ohùn, torí iṣẹ́ mi ni. Dẹ̀síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo. Bí èèyàn méjì bá jókòó ti ara wọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó tó nǹkan bí 60. Bí ẹ bá dúró ní mítà kan sí ẹnu irú sípíkà tí mò ń wí yìí, ó lè tó 110. Níta gbangba, bí ẹ bá ṣe ń sún sẹ́yìn ní ìlọ́po méjì, nǹkan bí dẹ̀síbẹ̀lì 6 ló ń jáde lára rẹ̀. Ẹ ṣírò ó: bí ilé kankan kò bá dí i, tó bá fi máa dé 100 mítà, nǹkan bí 70 ṣì kù. Òfin ariwo tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 2009, tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àyíká, ń mójú tó, fi òpin ti ilé gbígbé sí 50 lójú ọ̀sán, 35 lóru. Ti ilé ìwòsàn tilẹ̀ kéré sí i, 45 ni lójú ọ̀sán. Ẹ wá wo ọmọ ọdún méje tó jókòó sábẹ́ wíńdò tí 70 ń kàn, tí wọ́n ní kó máa ka ìwé.

Àwọn àgbà àdúgbò wa máa ń sọ̀rọ̀ wolé-wolé ayé àtijọ́, bó ṣe ń wọ ilé dé ilé, tó ń ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo ìyá ilé. N kò tíì rí wolé-wolé kankan tó wá wo ohun tó ń wọ etí ọmọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ariwo náà ṣe ń pọ̀ sí i. Bọ̀ọ̀dá kan wà tó ń pe èrò Òṣogbo nínú gáréèjì. Ẹlòmíràn ń kó èrò Òṣogbo kan náà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí àwọn kórópe tí kò fẹ́ gba tọ́ọ̀nù, ìyẹn kí wọ́n tò títí yóò fi kàn wọ́n, ń dúró sí. Ti ẹnu ọ̀nà ra sípíkà tuntun. Ti inú gáréèjì gbé tirẹ̀ wá bá mi, ó ní kí n yí i láti wáàtì 25 sí 50. Mo ṣàlàyé fún un pé dẹ̀síbẹ̀lì 3 péré nìyẹn máa fi kún un, etí kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Kí etí tó gbọ́ ọ bíi ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ ní láti di ìlọ́po mẹ́wàá. Ó ní kí n ṣáà ṣe é. Kò pẹ́ tí èkejì rẹ̀ náà fi wá béèrè ti wáàtì 100. Àwọn méjèèjì ń náwó, àwọn èrò Òṣogbo kò pọ̀ sí i, àwa tá a ń gbé àdúgbò là ń jìyà rẹ̀.

Mo bi ti inú gáréèjì pé kí ló dé. Ó ní, "Ọ̀gá, bí wọn ò bá gbọ́ mi, n ò ní jẹun." Bó ṣe rí nìyẹn. Kò ní owó oṣù. Bí ọkọ̀ bá kún, dírẹ́bà á fún un ní nǹkan. Bí èrò bá ti ẹnu ọ̀nà wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo lọ́jọ́ náà. Ó níyàwó, ó ní ọmọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sì wà ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìyá olùkọ́ yẹn ti ń pariwo kí ohùn rẹ̀ lè dé ẹ̀yìn kíláàsì. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù ló ti ń pe èrò. Bí mo bá bá a sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, ẹnu mi ló ń wò. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní dẹ̀síbẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni etí lè fara dà láìséwu. Ohun tí ọkùnrin yìí ń gbọ́ kọjá ìyẹn kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó ṣú. Òun gan-an ni ariwo náà kọ́kọ́ ń pa lára, ìdí sì nìyí tí inú mi kì í dùn bí wọ́n bá ń pè é ní ọ̀bàyéjẹ́ níbi ìpàdé.

Bí kánsù bá wá kó sípíkà rẹ̀ láàárọ̀, ẹnu ni yóò fi pè é lọ́sàn-án, yóò máa fi irin lu ara ọkọ̀ sí i. Bó bá dọ̀la, yóò wá owó gba sípíkà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kó o. Òfin tó bá fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ariwo náà ló fi sílẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kí a dá ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ nìyẹn, òfin ariwo àti owó tí ìjọba fi ń gba ènìyàn síṣẹ́.

Kánsù ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní Àfikún Kẹrin, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdásílẹ̀, ìtọ́jú àti àkóso ibùpa ẹran, ọjà, gáréèjì àti ilé ìyàgbẹ́ ìta, iṣẹ́ kánsù ni. Iṣẹ́ náà kò sí lọ́wọ́ Àbújá, kò sí lọ́wọ́ Òṣogbo. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún dájọ́ pé kí owó kánsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ kánsù. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ní Ọ̀ṣun tiwa, ìjà lórí ta ló ni àga kánsù bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2025. Ẹ̀mí lọ sí i. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kánsù ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn máa gbélé, owó tó yẹ kó wọlé láti Àbújá sì dúró. Ẹjọ́ ta ló jàre wà fún adájọ́. Ohun tó ká mi lára ni pé ọkọ̀ kò ṣíwọ́ láti kó èrò ní gáréèjì ní gbogbo àsìkò ìjà yẹn, àwọn tó ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì náà kò sì ṣíwọ́ gbígbà.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìjọba kò lè gba ènìyàn síṣẹ́ ìlú, ìgbà kan rí ni kó wò. Rauf Aregbesola, ọmọ Iléṣà yìí, di gómìnà ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, ìjọba rẹ̀ sì gba ọ̀dọ́ 20,000 sínú O-YES, ètò iṣẹ́ ìlú fún àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀ṣun, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lóṣù. Àbúrò mi kan wà nínú wọn. Àwọn kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí owó kékeré yẹn, ṣùgbọ́n iyanrìn tí wọ́n kó jáde nínú gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ojú mi ló ṣe, òjò ọdún yẹn kò sì wọlé bá mi.

Lẹ́yìn náà ni ètò iṣẹ́ ìlú ti ìjọba àpapọ̀ dé, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2021. Ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn láti kánsù kọ̀ọ̀kan, ó di 774,000 káàkiri Nàìjíríà, ogún ẹgbẹ̀rún náírà lóṣù fún oṣù mẹ́ta. Gọ́tà kíkó, títì gbígbá, dídarí ọkọ̀ lójú pópó, wọ́n wà lára iṣẹ́ tí wọ́n kà sílẹ̀. Kánsù méjì ló wà ní Iléṣà, Ìlà-oòrùn àti Ìwọ̀-oòrùn. Bí a bá fi ètò náà ṣírò, ẹgbàá ènìyàn ló kàn wá, owó wọn fún oṣù mẹ́ta sì jẹ́ mílíọ̀nù 120 náírà. Oṣù mẹ́ta péré! Kí ẹni tó gba ibi dídarí ọkọ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó, iṣẹ́ ti tán. Kó tó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa la gbọ́ bí Festus Keyamo, tó wà lára àwọn mínísítà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, àti àwọn aṣòfin ní Àbújá ṣe kọlu ara wọn lọ́dún 2020 lórí ta ni yóò yan orúkọ.

Ohun tí mò ń béèrè kéré sí ìyẹn, mo sì fẹ́ kó pẹ́ ju ìyẹn lọ. Kí kánsù gba ogún ènìyàn fún gáréèjì kan. Kí wọ́n mú àwọn tó ń pe èrò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣáájú ẹnikẹ́ni, torí àwọn ló mọ dírẹ́bà, àwọn ló mọ ọ̀nà. Kí wọ́n san owó oṣù tó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2024 gbà, 70,000 náírà. Ìyẹn jẹ́ 1,400,000 lóṣù, 16,800,000 lọ́dún. Iṣẹ́ wọn ni láti to ọkọ̀ ní tọ́ọ̀nù, láti kọ ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń lọ sórí pátákó ńlá tí èrò lè kà láti ẹnu géètì, láti mú arúgbó àti aláboyún dé ìdí ọkọ̀, láti gbá ilẹ̀, àti láti rí i pé kò sí ọkọ̀ tó ń kó èrò lẹ́nu ọ̀nà. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣe kókó jù. Bí kò bá sí ẹni tó ń jí èrò kó níta, kò sí ohun tí ẹni inú ilé yóò máa pariwo lé lórí. Ìgbà yẹn ni kí kánsù wá ṣòfin pé sípíkà kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ní gáréèjì, òfin náà á sì rí ẹsẹ̀ dúró. Fún àwọn alágbo, kí wọ́n fún wọn ní ìsọ̀ ní apá kan pẹ̀lú pátákó orúkọ. Ẹni tí àgbo rẹ̀ bá dára, àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ ibi tó wà.

Wọ́n á ní kánsù kò rówó san fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ní nílẹ̀. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n gáréèjì fúnra rẹ̀ ń pa owó wọlé lójoojúmọ́, ọkọ̀ kan kò ní jáde láìsan. Kí wọ́n kọ́kọ́ lẹ iye tó ń wọlé mọ́ ara ògiri kí gbogbo wa lè mọ̀ ọ́n, kí orúkọ àwọn ogún tí wọ́n bá gbà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń gbé ìlú mìíràn ni yóò máa gba owó gáréèjì wa. Àwọn bàbá wa òṣómàáló tó ń ta aṣọ láwìn máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè títí yóò fi san. Ìwé ìṣirò owó gáréèjì yìí, gbèsè tí kánsù jẹ wá ni.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, mo sì ti bẹ ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù kí wọ́n má fi tiwọn ránṣẹ́ kí a tó dà á pọ̀ mọ́ èyí. Ìyá olùkọ́ ti bu ọwọ́ lù ú. Bọ̀ọ̀dá tó ń pe èrò Òṣogbo náà ti bu ọwọ́ lù ú, lẹ́yìn tí mo kà á sí i létí lẹ́ẹ̀mejì. Ti ẹnu ọ̀nà ní òun ń rò ó. Bí ẹ bá ń gbé àdúgbò wa tàbí tí ẹ ń wọkọ̀ níbẹ̀, ìwé náà wà lórí káńtà mi, kí ẹ yà kí ẹ kà á, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá rí tí kò tọ́ níbẹ̀ kí n tún un kọ.